Ilé Àgbà Létí Omi: Ìtàn Ìgbàlejò ní Èbúté Ìjẹ̀bú

Láti Òjòwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé etí òkun, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lèèyàn ń tẹ̀ lọ. Igbó ló kọ́kọ́ ń pàdé rẹ̀, igbó tó sọ Ìjẹ̀bú-Igbó di ìlú agégẹdú àti olóko kòkó. Lẹ́yìn èyí ni Igbó Ọmọ, tí ìjọba ti pààlà sí láti 1925, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìbíadé àti Abígí, ilẹ̀ á máa rọ̀, ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ á máa pọ̀ sí i, títí a ó fi bọ́ sí ọ̀sà, tí a ó sì kan Òde-Omi níbi tí ìgbì Àtìláńtíìkì ti ń lu iyanrìn. Ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ibi tó fojú kan òkun kò tó nǹkan, etí omi Ìjẹ̀bú yìí sì ni pàtàkì rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ sùn sí ilé àgbà tó ní ìtàn, kí ó jí kí ó gbọ́ ìró omi, Èkó tàbí Àgbádárìgì ni wọn yóò júwe fún un, tàbí kí wọ́n ní kó kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé àṣà òyìnbó ni kí ilé ìdílé máa gba àlejò lówó, pé a kò bá a lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ohun tí ìtàn èbúté wa fi hàn mí yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Gbígba àlejò, ní èrè àti ní àdéhùn, ni iṣẹ́ tó kọ́ èbúté Ìjẹ̀bú. Ìgbà tí iṣẹ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé ibẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó. Bí a bá fẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́kù dúró, iṣẹ́ yẹn ni kí a dá padà fún wọn.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé. Ìjẹ̀bú wà láàárín ọ̀sà àti ìlú òkè, ọ̀pọ̀ ohun tó ń ti òkun bọ̀, iyọ̀, aṣọ, ìbọn, ẹ̀tù, ọ̀nà Ìjẹ̀bú ló gbà lọ sí Ìbàdàn àti àwọn ìlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Epo pupa àti ẹrú gba ọ̀nà kan náà sọ̀ kalẹ̀. Òfin Ìjẹ̀bú le lórí ọ̀nà yìí: àjèjì kì í la ilẹ̀ wọn kọjá. Ará Èkó kò gbọdọ̀ kọjá àwọn ọjà etí ọ̀sà bí Ẹ̀jìnrìn àti Màkun-Omi. Lápá òkè, Orù, tí kò jìnnà sí Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ọ̀kan nínú ibi tí ará òkè ti ń bá Ìjẹ̀bú pàdé. Àwọn oníbodè ló ń ṣọ́ ọ̀nà, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé òyìnbó ka èyí sí ìkórira àlejò. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí ọjà náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àlejò ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ẹni tí kò bá lè kọjá ọjà ní láti sùn níbì kan nítòsí ọjà, kí ó kó ẹrù rẹ̀ sí ibi tí olè kò ti ní gbé e, kí ó sì ní ẹni tí yóò bá a wá oníbàárà. Onílé tó gbà á sílé ló ń ṣe gbogbo èyí. Òun ni alágbàtà rẹ̀, òun ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, bí àlejò bá jẹ gbèsè tí kò san, ẹnu ọ̀nà onílé ni wọn yóò wá. Nítorí náà ni onílé ṣe ń gba ìpín tirẹ̀ nínú ọjà tí wọ́n bá tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní gbogbo etí òkun, láti Àgbádárìgì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Gold Coast (Ghana òde òní): àlejò kì í ṣòwò láìní onílé. Yàrá tí wọ́n fún àlejò sùn, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kó ẹrù sí, wà lára ohun tó ń pa owó wọlé fún ilé náà.

Àlejò tó ga jù tí èbúté Ìjẹ̀bú gbà rí ni Kòsọ́kọ́, ọba Èkó. Ní oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà lọ, Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ kò di ibùba lásán. Kòsọ́kọ́ ṣòwò níbẹ̀, ó ní ológun, ó sì ní èbúté etí òkun ní Palma. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, bá a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé Palma jẹ́ èbúté rẹ̀, òun náà sì gbà láti fi òwò ẹrú sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú ti fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861, Kòsọ́kọ́ padà sílé ní 1862. Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá a lọ, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí Ẹ̀pẹ́ fi ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Àwọn tó tẹ̀ lé Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, padà ni wọ́n kọ́ àdúgbò sí Erékùṣù Èkó tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹpẹ́tẹ̀dó. Ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n lò lọ́dọ̀ onílé wọn, orúkọ onílé ni wọ́n sì gbé lọ sílé. Ẹni tó bá ń sọ pé Ìjẹ̀bú kò mọ àlejò gbà kò tíì fi ẹsẹ̀ rìn ní Ẹpẹ́tẹ̀dó.

Ogun 1892 ló fọ́ ètò yìí. Ní 1891, Denton, adelé gómìnà Èkó, lọ bá Awùjalẹ̀ Túnwàṣe nítorí ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú tì, wọn kò sì fẹnu kò. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 1892 kò pẹ́ tó fi dà rú, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ṣẹ́gun ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni lè kọjá láìwá onílé. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, ó fi ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sí apá kan, ẹrù tó ti ń gba ọ̀sà sì bẹ̀rẹ̀ sí gba orí irin. Ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e tún gba èyí tó kù. Ọjà Ẹ̀jìnrìn, tí ọkọ̀ ti máa ń kún fọ́fọ́ ní èbúté rẹ̀ tẹ́lẹ̀, rọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó rọ́pò onílé àtijọ́ ni ilé ìsinmi ìjọba, tí wọ́n kọ́ sí ìta ìlú, níbi gíga, fún àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tó ń yẹ àgbègbè wò. Ará ìlú ń pọn omi fún un, wọ́n ń ṣẹ́gi fún un, ṣùgbọ́n wọn kì í sùn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Èkó: ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ Ilé Iṣẹ́ Àwọn Ìlú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti London, nítorí pé dúdú ni. Ariwo tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé Gómìnà Arthur Richards ní láti pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Mo gbà pé ibí yìí ni ojú tí a fi ń wo òtẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí nǹkan àjèjì ti bẹ̀rẹ̀. Onílé àtijọ́ mọ orúkọ àlejò rẹ̀, ó sì ń dáhùn fún un. Ilé ìsinmi ajẹ́lẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn ilé fúnra wọn, nítorí inú wọn ni ẹ̀rí mi wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní Àgbádárìgì ní 1845, kọjú sí ọ̀sà, ó sì dúró títí di òní. Àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún láti ìpìlẹ̀: àwọn oníwàásù tó ti òkun dé, tí wọn kò ní ibi tí wọn yóò sùn, ni wọ́n gbé inú rẹ̀, Àjàyí Crowther sì wà lára wọn. Lónìí, àwọn tó ń wá wò ó ń sanwó kí wọ́n tó wọlé. Fi èyí wé Ilé Ìlọ́jọ̀ ní ojúde Tinúubú ní Èkó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ní irú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé, ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n sì fi ṣe. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba sì kéde ní 1956 pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni. Ìkéde yẹn kò fi kọ́bọ̀ kan tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀, lẹ́yìn tó ti ń ṣá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin ń dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ sí ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní 1898 rí ìgbàlà nítorí pé ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ènìyàn ń wọlé tó ń jáde.

Bí a bá tún tẹ̀ síwájú ní etí òkun, ẹ̀rí náà ń lágbára sí i. Ní Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé ayé ìjọba Faransé kan tó kọjú sí òkun ti di òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ dáadáa, láti 2000 sì ni àwọn ará Finland ti dá ilé àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Villa Karo sílẹ̀ ní ìlú kan náà, níbi tí àwọn olórin àti òǹkọ̀wé máa ń wá gbé. Ìlú tí òkun ti jẹ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ nìyí o, àlejò ló sì ń mú kí orúkọ rẹ̀ máa jáde. Ní Ghana, àwọn odi etí òkun tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 1979 pọ̀, èyí tó sì wù mí jù láti tọ́ka sí ni àwọn kékeré: odi tí àwọn Dutch kọ́ sí Apam àti sí Senya Beraku, àti èyí tí àwọn ará Brandenburg, láti ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ní 1683 ní Princes Town. Gbogbo wọn ni wọ́n ti lò gẹ́gẹ́ bí ilé àlejò, yàrá mélòó kan, bẹ́ẹ̀dì, àti ẹni kan tó ń ṣọ́ ilé. Kì í ṣe ìgbádùn ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sun inú ilé ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé òrùlé ti ń jò. Ilé amọ̀ wa kò nílò ohun tó ju ìyẹn lọ láti kú: páànù kan ṣí, omi wọ orí ògiri, ikán tẹ̀ lé e wọ pákó àjà, láàárín òjò mẹ́ta sí mẹ́rin, ògiri tó ti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún ti là. Ilé tí a tì pa nítorí pé ó níye lórí kò ní ẹni tí yóò rí omi àkọ́kọ́ yẹn.

Ìjẹ̀bú ní àwọn ilé tó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ọlọ́runṣògo, ilé Balógun Kúkù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Kúkù, tó kú ní 1907, ni ẹni tí a ń dárúkọ nígbà tí a bá ń sọ bí ọdún Ojúde Ọba ṣe bẹ̀rẹ̀, ilé rẹ̀ sì fi hàn bí ọlọ́rọ̀ Ìjẹ̀bú ṣe fẹ́ kí ìlú rí òun lẹ́yìn ogun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó kòkó àti gẹdú kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Òjòwó, Òkè-Agbò, Òkè-Ṣọpẹn, Àtíkorí àti Jàpàrá, àwọn àdúgbò márààrún tí a fi ń pe Ìjẹ̀bú-Igbó: ilé onífàráńdà, tí fèrèsé rẹ̀ ga, tí birikilà fi òdòdó símẹ́ńtì sí orí òpó rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ìyá arúgbó kan tàbí àyágbé méjì nínú, ìyókù yàrá wà ní títì. Ọmọ wọn wà ní Èkó, ọmọ ọmọ wọn wà ní London àti Houston.

Ibí yìí ni àtakò àkọ́kọ́ ti ń jáde, ó sì lágbára: ilé ẹbí ni. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú, gbogbo ọmọ ló jọ ni ín, dáwódù kò lè dá a tà, ọmọ kan kò sì lè dá a sọ di òtẹ́ẹ̀lì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà yìí ló mú kí ilé àlejò bá ilé ẹbí mu ju títà lọ. Bí wọ́n bá ta ilé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò pín owó, ìjà bóyá ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in tàbí orí-ò-jorí yóò sì gba ilé ẹjọ́ kọjá. Bí wọ́n bá fi yá ẹni tó mọ iṣẹ́ fún iye ọdún kan, pẹ̀lú ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan, owó yóò máa wọlé lọ́dọọdún, ilé kò sì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìwé àdéhùn lè sọ pé ibojì baba tó wà nínú ilé kò gbọdọ̀ di ibi ìjókòó ọlọ́tí, pé yàrá kan wà fún ẹbí nígbà ọdún, pé ojú ilé kò gbọdọ̀ yí padà. Onílé Ẹ̀jìnrìn kò sọ ilé rẹ̀ nù nítorí pé àlejò sùn níbẹ̀.

Àtakò kejì ni èyí tí àwọn àgbà ń sọ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ọtí àti àṣẹ́wó ló ń wá sí wọn lọ́kàn, wọn kò sì fẹ́ kí orúkọ baba wọn wà lórí pátákó irú ibẹ̀. Mi ò rí ìdí tí a ó fi fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Ibi tí wọn kì í ti béèrè orúkọ, tí wọ́n ń ka owó yàrá ní wákàtí, kò ní onígbọ̀wọ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ètò àtijọ́ fúnra rẹ̀: onílé tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé kò lè fi ilé náà ṣe ohun tí ojú yóò fi tì í ní ọjà. Ilé àlejò tí ẹbí kan ń dáhùn fún, ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ẹbí náà, ní ìdí láti mọ ẹni tó ń sùn sí i.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ẹrú. Ọrọ̀ etí òkun yìí kò mọ́ tán. Wọ́n ta ènìyàn ní Orù, wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀sà, owó wọn sì wà nínú ìpìlẹ̀ àwọn ilé kan. Ní Àgbádárìgì, ọgbà Ṣèríkí Fáàrẹ́mí Williams Abass, ẹni tí wọ́n bí ní agbègbè Ìlaròó tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, ṣì ní àwọn yàrá tí wọ́n kó àwọn ẹni tí wọ́n fẹ́ tà sí. Ṣé ó tọ́ kí ènìyàn sanwó sùn nínú irú ibẹ̀? Kò tọ́. Yàrá tí wọ́n ti ènìyàn mọ́ yẹ kó wà ní ṣíṣófo, kí àlejò wọ̀ ọ́ ní ìdúró, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ó jáde. Ghana náà mọ ìyàtọ̀ yìí déwọ̀n kan: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n fi Elmina àti Cape Coast ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn odi kékeré náà ní ìtàn ẹrú tiwọn, èmi kò sì gbà pé bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè ń fọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́ ní 1930 sí 1950 kì í ṣe ọgbà ẹrú, a kò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ṣẹ̀ èkejì pa èkíní run. Níbi tí owó ẹrú bá sì wà nínú ìtàn ilé, kí wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri níbi tí àlejò yóò ti rí i kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ilé tó ń gba àlejò ní ẹni tó ń béèrè ìbéèrè lójoojúmọ́, èyí tó wó kò ní ẹni tí yóò béèrè ohunkóhun.

Àwọn kan á tún sọ pé òkun ń bọ̀. Wọ́n á ní kí a wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan dá sílẹ̀ ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí àṣeyọrí rẹ̀ sì di ìròyìn káàkiri. Omi ti gbé ilé púpọ̀ lọ níbẹ̀ ní ọdún wọ̀nyí. Àwọn tó ń fọ́nnu pé àwọn yóò kọ́ ilé ìgbafẹ́ sórí iyanrìn Òde-Omi gan-an yẹ kí wọ́n gbọ́ èyí. Ẹ̀kọ́ àwọn baba wa ni pé kí a má bá òkun pín ilẹ̀. Etí òkun ni wọ́n fi ń gba ẹrù, ọ̀sà àti ìlú òkè ni wọ́n ń sùn sí. Nítorí náà, ilé tí mo ń sọ kò ní láti wà ní ibi tí ìgbì ti lè tó o. Kí àlejò sùn sí Ìjẹ̀bú-Igbó lóru kan, kí ó wọ Igbó Ọmọ lọ́jọ́ kejì, kí ó sùn sí etí ọ̀sà nítòsí Ìwòpin tàbí Màkun-Omi, kí ọkọ̀ ojú omi sì gbé e dé ibi tí yóò ti rí òkun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ta ni yóò wá? Ọ̀nà kò dára tó, iná kò dúró, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Ṣùgbọ́n àlejò ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n. Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, Ojúde Ọba ń kó àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti àwọn tó wá wo ẹṣin àti aṣọ jọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, yàrá òtẹ́ẹ̀lì á sì di ọ̀wọ́n. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ń mú òbí, olùkọ́ àti aláyẹwò wá ní gbogbo sáà. Ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìwúyè kò dẹ́kun rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ ilé tó ti London dé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sì máa ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tuntun ní ẹ̀bá títì, nígbà tí yàrá mẹ́jọ wà ní títì nínú ilé bàbá rẹ̀ àgbà. Òun ni àlejò àkọ́kọ́ tí ilé yẹn yẹ kó gbà. Ó ní owó tí wọ́n lè fi tún páànù ṣe, ó sì ń san án fún ẹlòmíràn.